Ẹja fún Ẹni Tí Ó Ń Dá Jẹun

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò wo àkọlé yìí, ẹ ó sì máa béèrè pé kí ni ó mú ládàání kúrò níbi ìpèrun tí ó fi gba ilé ìdáná lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe fún àwọn ìyá wa tí ọwọ́ wọn ti mọ́ ìdáná. Bí wọ́n bá kà á tí mo sì ṣì í sọ, kí wọ́n forí jì mí. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí ń dá gbé, tí wọn kò sì fẹ́ràn ìdáná rárá: ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú onílùú, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, tí ó sì ń wí pé, "Ta ni mo tún fẹ́ se oúnjẹ fún?" àti irú èmi alára yìí.

Ní ọdún tó kọjá, àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin wa bímọ sí Ìlọrin, ìyá àwọn ọmọ mi sì lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ogójì ọjọ́ ni a dá. Ó di oṣù mẹ́ta. Kí ó tó lọ, ó se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó kó o sínú fíríìjì, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà kò kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ káàkiri bí ewúrẹ́ tí a kò so. Ní àárọ̀, búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ní ọ̀sán, ọ̀dọ̀ olóúnjẹ kan tí ó wà ní ìdíkọ̀. Ní alẹ́, bí mo bá ti kí ìrun ìṣáì tán, mo lè fi gàrí àti ẹ̀pà sùn. Ọbẹ̀ olóúnjẹ yẹn dùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n epo a máa léfòó lórí rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì le. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì so nǹkan mọ́ mi lápá, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó tú u, ó tún un so, ó ní 168 lórí 102 ni ẹ̀jẹ̀ mi fi ń ru. Ó wojú mi, ó ní, "Àlùfáà, kí ni ẹ ń jẹ?" Mo ní ohun tí Ọlọ́run bá pèsè ni. Ó ní, "Ọlọ́run kọ́ ni ó da iyọ̀ sí i o, sà."

Bí ó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, n kì bá tí fi dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa, òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ìyàwó rẹ̀ kú ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Sáàfù kìn-ín-ní ni ó máa ń dúró sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n owó kì í dá gun orí ààrò. Gbogbo wa ni a rí i pé agbádá bàbá ń tóbi sí i, kò sí ẹni tí ó rò ó pé ara tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń dínkù. Ní ọjọ́ kan, ní ìrun alásárì, a dìde kúrò ní ìforíkanlẹ̀, bàbá kò dìde.

A gbé e dé ilé. Èmi ni mo wọ ilé ìdáná láti wá omi gbígbóná fún un. Ààrò tutù. Ìkòkò ńlá tí ìyàwó rẹ̀ fi ń se oúnjẹ ìnáwó ni ó wà níbẹ̀, aláǹtakùn ti ta sí ẹnu rẹ̀. Páálí bísíkíìtì àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni mo bá lórí tábìlì. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ tán, mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?" Ó ní ojú ń ti òun. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti bí òun, òun kò gbé ìkòkò kaná rí, àti pé gbogbo ìkòkò tí ó wà nínú ilé náà, ti ènìyàn mẹ́wàá ni. Èmi tí mo ń pè é sí ìrun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, n kò pè é sí oúnjẹ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ọkùnrin tí ó bá wọ ilé ìdáná ti tẹ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, a máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹnu ìyá wa Àíṣátù ni a ti gbọ́ ọ. Bí kò bá tẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá tẹ́?

Ẹ ó ní kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹja. Ìdí kìn-ín-ní ni pé ọ̀lẹ ni mí ní ilé ìdáná. Adìẹ ń fẹ́ ẹni tí yóò dúńbú rẹ̀, tí yóò tu ìyẹ́ rẹ̀; ẹran màálù ń fẹ́ wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọ̀. Ẹja kò bá wa wá ọ̀bẹ ìdúńbú. Ẹni tí ó bá ṣí Súrà An-Nahl yóò rí i ní áyà kẹrìnlá pé ẹran tútù inú òkun wà lára oore tí Ọlọ́run kà sí wa lọ́rùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná, ó ti jinná. Ìdí kejì ni ọ̀rá rẹ̀. Ọ̀rá màálù a máa dì pa bí ó bá ti tutù. Ọ̀rá ẹja bíi Titus àti ṣáwá kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì ti rí i pé ó ń ṣe ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lóore. Omega-3 ni wọ́n ń pe èyí tí ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Àwọn American Heart Association ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí ènìyàn máa jẹ ẹja lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pàápàá ẹja tí ó lọ́ràá. Bí apá yín kò bá ká Titus, ẹ ra ṣáwá. Owó rẹ̀ kéré, egungun rẹ̀ ni ó pọ̀, ṣùgbọ́n oore inú rẹ̀ kò kéré sí ti Titus.

Láti ọjà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí kò fẹ́ràn ìdáná ti lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní Bódìjà níhìn-ín ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń ta ẹja oníyìnyín ni mo máa ń lọ, àárọ̀ ni mo sì máa ń lọ, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú páálí. Ẹja tí ó dára a le bí igi, ara rẹ̀ a máa dán, ojú rẹ̀ kò ní jìn wọnú. Bí ikùn rẹ̀ bá ti bẹ́, tàbí tí ẹ fi ìka tẹ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ wọlé tí kò padà, oòrùn ti rí i nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ológbò. Ẹja tútù tí kì í ṣe ti yìnyín, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Aṣejíre bí a bá ń lọ sí Ifẹ̀, ẹ ṣí abẹ́ etí rẹ̀ wò. Bí ó bá pupa, ó dára. Bí ó bá ti ṣú bí omi ẹrẹ̀, ẹ kọjá.

Bí ẹ bá ti mú èyí tí ó wù yín, ẹ má tíì gbà á. Ẹ jẹ́ kí ìyá ẹlẹ́ja bá yín gé e, kí ó yọ ìfun rẹ̀, kí ó gé ìrù àti lẹbẹ rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ tí ó ń sú wa gan-an nìyẹn, òun a sì máa ṣe é bí ẹni ń ṣeré. Ẹja Titus kan tí kò tóbi jù, ó máa ń di ègé mẹ́rin: méjì fún òní, méjì fún ọ̀la. Ẹni tí kò ní fíríìjì, tàbí tí ó ní in ṣùgbọ́n tí iná mọ̀nàmọ́ná àdúgbò rẹ̀ ń wá bí àlejò, kí ó má ra ju èyí tí yóò jẹ tán lọ́jọ́ náà lọ. Kò sí ìtìjú nínú kí a ra ààbọ̀ ẹja. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ra ààbọ̀, ìyá náà bi mí bóyá mo ń gbààwẹ̀.

Bí yìnyín bá ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ délé, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ọ̀rá, kí ẹ sì ki ọ̀rá náà bọ inú omi tútù títí yóò fi yọ́. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sóòrùn. Èyí tí ó bá sì ti yọ́ tán, ẹ má dá a padà sínú yìnyín ní tútù. Ẹ sè é ná, kí ẹ tó fi pamọ́.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ohun tí ojú olùkọ́ kan ní ilé kéwú wa rí. Àpọ́n ni. Ó ra Titus láàárọ̀, ó gbé e sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. Ó sè é dáadáa, ó jẹ ẹ́. Kò tó ìdajì wákàtí tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ara ń yún un, orí ń fọ́ ọ, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ó figbe ta pé ayé ti ṣe òun. Àwa náà ti ń wá ẹni tí ó ṣe é, kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí dókítà fi yé wa pé ayé kọ́, oòrùn ni. Irú ẹja bẹ́ẹ̀, bí ó bá pẹ́ nínú ooru, àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa sọ nǹkan kan nínú ẹran ara rẹ̀ di májèlé tí wọ́n ń pè ní histamine. Ó lè má rùn rárá. Iná kò sì lè pa á, bí ó ti wù kí a sè é pẹ́ tó. Nígbà mìíràn ẹni tí ó bá fi ahọ́n kàn án yóò rí i pé ó ń ta bí ata, bẹ́ẹ̀ kò fi ata sí i. Bí ẹ bá kẹ́fín èyí, ẹ tu ú dànù kíá. Olùkọ́ wa gba oògùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Títí di òní, bí ó bá ra ẹja, ńṣe ni ó ń sáré lọ sílé bí ẹni tí òjò ń lé.

Ó kan sísè wàyí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni ìkòkò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìkòkò ènìyàn mẹ́wàá se oúnjẹ ẹnì kan. Omi rẹ̀ a gbẹ kí ẹja tó jinná, fífọ̀ rẹ̀ a sì mú kí ènìyàn búra pé òun kò dáná mọ́. Ìkòkò kékeré tí kò gbà ju ife omi mẹ́rin lọ, tí ó ní ìdérí tí ó dé e pa, ọ̀bẹ kan, ṣíbí kan, ó tán.

Ẹ mú tòmáàtì méjì, àlùbọ́sà kékeré kan àti ata rodo kan, tàbí ìdajì rẹ̀ bí ẹnu yín kò bá gba ata. A kò ní lọ nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀bẹ gé wọn wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, ẹ bu ṣíbí òróró kan sí i àti ìdajì ife omi, ẹ dé e, ẹ gbé e kaná tí kò le. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, tòmáàtì yóò ti wó. Ní àkókò yìí ni kí ẹ fi omi ṣan ègé ẹja méjì, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára, kí ẹ sì fi iyọ̀ pa á. Ìwọ̀n iyọ̀ ni èyí tí ìka mẹ́ta bá lè ṣà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tẹ́ ẹja náà sórí tòmáàtì nínú ìkòkò, ẹ dé e padà, kí ẹ sì yọ ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀. Ẹ má rò ó. Ẹja kì í ṣe àmàlà. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé yóò jóná, ẹ di ìkòkò mú létí méjèèjì, kí ẹ mì í díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ fi orí ṣíbí kan ibi tí ó nípọn jù lára rẹ̀: bí ẹran rẹ̀ bá ti funfun látòkè dé ìdí egungun, tí ó sì ń ṣí kúrò lára egungun fúnra rẹ̀, ó ti jinná. Bí inú rẹ̀ bá ṣì ń dán bí gíláàsì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì sí i. Ẹ já ewé ẹfinrin mẹ́ta sí i, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ ó rí i pé n kò dárúkọ magí. N kò gbàgbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ láàárọ̀ ṣúlẹ̀ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan tí a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ lọ, tòun ti èyí tí ó ti wà nínú búrẹ́dì àti nínú magí. Iyọ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú magí náà. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni ó le. Ó dà bí ẹni pé omi òjò ni mo ń jẹ. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ẹfinrin ti ń ṣe iṣẹ́ tí iyọ̀ ń ṣe lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ olóúnjẹ ìdíkọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í le jù fún mi.

Ọbẹ̀ yìí lọ pẹ̀lú iṣu sísè, ẹ̀kọ, ìrẹsì, tàbí ẹ̀bà kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí fífọ abọ́ ń bà nínú jẹ́ jù, ìrẹsì ni kí ó mú, nítorí ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ìyá àwọn ọmọ mi fi kọ́ mi lórí tẹlifóònù. Ẹ se ìrẹsì ife kan bí ẹ ti máa ń sè é. Nígbà tí omi rẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó gbẹ, ẹ fi ata gígún àti àlùbọ́sà ra ègé ẹja kan lára, ẹ pọ́n ọn sínú ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ẹ gbé e lé orí ìrẹsì náà, ẹ dé e pa, ẹ dín iná kù. Èéfín omi ìrẹsì ni yóò se ẹja. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjèèjì ti jinná lẹ́ẹ̀kan náà, ìkòkò kan ṣoṣo ni ẹ ó sì fọ̀. Bí ègé náà bá nípọn, ẹ tú ewé wò kí ẹ tó jẹun.

Ẹja gbígbẹ ni tèmi ní ọjọ́ tí mo bá rẹ̀ jù. Bí ẹ bá ní ojúlùmọ̀ tí ń ti Ẹpẹ́ bọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín ya ọjà Olúwo. Àrọ̀ tí wọ́n fi iná igi gbẹ níbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ rún un, ẹ ṣa egungun rẹ̀ kúrò, ẹ dà á sínú ata tí ẹ ti gé sórí iná, ẹ já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lé e. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ gbóòórùn ẹja gbígbẹ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èéfín ni ó yẹ kí ó máa rùn. Èyí tí ó bá ń rùn bí oògùn tí a fi ń pa ẹ̀fọn, ẹ gbé e kalẹ̀. Kí ẹ má sì fi í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́, nítorí èéfín tí ó gbẹ ẹ́ náà ní nǹkan nínú tí kò dára fún ara bí ó bá pọ̀ jù.

Ti inú agolo ńkọ́? Sàdíìnì kò burú. Egungun rẹ̀ ti rọ̀, ẹ lè jẹ ẹ́ mọ́ ọn, ó dára fún eegun àgbàlagbà. Ẹ da òróró rẹ̀ nù bí ẹ bá fẹ́, ẹ má sì fi iyọ̀ kún un, ó ti ní in tó. Ti dídín ni n kò ní sọ púpọ̀ lé lórí. Mo fẹ́ràn ẹja dídín, gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé ó bá gàrí mu, ṣùgbọ́n òróró tí a ti fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ó ti dúdú bí ọṣẹ kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó di ti ọjọ́ ọdún.

Ẹni tí ó ń dá jẹun kò ní ẹni tí yóò gbá a lẹ́yìn bí egungun bá há a. Nítorí náà, ẹ jókòó jẹun, kí iná tàn sí abọ́ yín, kí ẹ fi ọwọ́ wá egungun inú ẹja kí ẹ tó gbé e sẹ́nu. Titus sàn fún àgbàlagbà ju èpìyà lọ, egungun rẹ̀ kò pọ̀. Bí egungun bá há yín lọ́fun, ẹ má ṣe gbé òkèlè ńlá mì láti fi tì í, bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Ó lè kì í wọlé sí i. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ lọ. Ẹni tí ó bá ní àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní gout, tàbí tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó sọ ẹja bíi Titus àti ṣáwá di oúnjẹ rẹ̀. Ẹja kì í sì í ṣe oògùn. Èmi ṣì ń lo èyí tí dókítà kọ fún mi. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi dé láti Ìlọrin, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ sí 142 lórí 88. Ó tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó ní iyọ̀ kò dùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rí ní ilé yìí láti òní lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu iyọ̀ sí tirẹ̀.

Ní ti bàbá wa, mo ra ìkòkò kékeré kan fún un, mo sì lọ sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan láti fi hàn án. Ẹja àkọ́kọ́ jóná, nítorí ó gbé e kaná tán, ó jáde lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní ìgbà kejì ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ dání. Ó ní ojú òun kò rí aago ògiri mọ́, ṣùgbọ́n òun mọ iye tí òun ń kà. Ó ka tẹ̀sùbáà náà yípo lẹ́ẹ̀mẹ́fà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ṣí ìdérí, ó ti jinná. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni ó máa ń ra ẹja tirẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ìrun, ó sì máa ń bá èmi náà ra ààbọ̀.

Kí n tó gbàgbé, ìyá kan kọ̀wé pé kí n sọ bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè lo pánlá, nítorí òun ra odidi kan, kò sì tán láti ọjọ́ pípẹ́. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ ńlá gé e sí ègé kéékèèké ní ọjọ́ tí wọ́n bá rà á, tàbí kí wọ́n bẹ oníṣòwò kí ó bá wọn gé e. Kí wọ́n kó o sínú ike tí ó gbẹ, tí ó ní ìdérí. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, ègé méjì nínú omi gbígbóná fún ìdajì wákàtí ti tó, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ kí ó tó wọ inú ọbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkú pórókò, kí wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú, kí wọ́n sì sè é ná kí ó tó wọ inú ọbẹ̀.